Álààmù ń dún, mo ń pa á, mo tún ń gbàgbé: báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé ni mo gbé wá, kì í sì í ṣe ti ogbó, mi ò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Dókítà ní kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Ọmọ mi bá mi gbé álààmù sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Tí aago mẹ́jọ bá lù, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo máa ń wà lọ́nà ṣọ́ọ̀bù, oògùn sì wà lórí fíríìjì nílé. Màá pa álààmù, màá ní ó di ìgbà tí mo bá délé. Tí mo bá délé lálẹ́, ta ló tún rántí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo fẹ́ máa pè wọ́n déédéé, álààmù tiwọn wà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àmọ́ aago mẹ́rin gan-an làwọn oníbàárà máa ń ya dé. Ti owó èsúsú náà tún ń bẹ níbẹ̀. Ọjà oko tí mo ti ń ra gààrí ló wá burú jù: mo gbé e sí Ọjọ́rú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àkọ́kọ́ bọ́ sí i, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ewúrẹ́ nìkan ni mo bá lọ́jà.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ṣe àwọn nǹkan yìí. Mo fẹ́. Ẹ̀yin tí nǹkan yín máa ń lọ létòlétò, kí lẹ ń lò?

Ọmọ Alárè · 9:20 alẹ́

Ẹ gbé álààmù mẹ́ta síbẹ̀ tẹ̀ léra: 8:00, 8:10, 8:20. Kí ohùn rẹ̀ sì le, irú èyí táwọn ará ilé á fi máa bú yín. Ó tán.

Dẹ́rẹ́bà Rẹ́mọ, Ṣàgámù · 9:31 alẹ́

Ọmọ Alárè, kò tán o. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ kì í gbọ́ ìró tírélà mọ́. Bó ṣe máa rí fún wọn pẹ̀lú álààmù mẹ́ta yẹn nìyẹn, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Álààmù Ìyá Ẹlẹ́ja ń dún dáadáa. Ìgbà tí ọwọ́ wọn ò tó oògùn ló ń dún. Èmi rí irú rẹ̀ lórí pátíkúlà ọkọ̀. Àwọn kan nínú wa ní páàkì máa ń gbé ìránnilétí sí ọjọ́ tí pépà máa kú gan-an. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe? O ti wà lójú ọ̀nà, èrò ti kún ọkọ̀, àwọn tó ń yẹ pépà wò ti dúró ní ìkóríta, owó tí o máa fi tún un ṣe ò sì sí lápò. Tèmi pín sí méjì. Ọ̀kan ń bọ̀ ní oṣù kan ṣáájú, ní alẹ́ Sátidé tí mo máa ń ka owó, òun ló ń sọ fún mi pé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó pépà sọ́tọ̀. Èkejì ń bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, lẹ́yìn tí ọ́fíìsì bá ti ṣí, tí mi ò sì tíì kó èrò. Mi ò kọ "pépà ọkọ̀" lásán síbẹ̀. Ohun tí màá ṣe ni mo kọ: "Mú pépà àtijọ́ àti owó, yà ṣe é kí o tó lọ páàkì."

Ẹ̀yin náà, ẹ gbé oògùn lọ síbi tí ẹ máa ń wà ní aago mẹ́jọ, tàbí kí ẹ sún álààmù síwájú sí ìgbà tí ẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè · 10:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Sáìkọ́lọ́jì ni mò ń kà ní yunifásítì OOU níbí, ohun tí bọ̀dá dẹ́rẹ́bà sì sọ yìí wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Peter Gollwitzer, New York University ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1999 ó kọ̀wé lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ní "mo fẹ́ máa lo oògùn mi" àti ẹni tó ní "tí mo bá ti gbé omi tíì kaná láàárọ̀, màá lo oògùn mi". Ẹni àkọ́kọ́ ti pinnu lóòótọ́, àmọ́ kò sọ ìgbà, kò sọ ibi. Ẹni kejì ti so ìpinnu rẹ̀ mọ́ ohun tí ojú rẹ̀ máa rí. Tó bá ti rí ìkètùlù, oògùn ló máa wá sí i lọ́kàn, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Ní 2006, òun àti Paschal Sheeran kó àyẹ̀wò 94 jọ, wọ́n rí i pé àwọn tó ṣe irú ètò yìí ń mú ìpinnu wọn ṣẹ ju àwọn tó kàn pinnu lọ, ìyàtọ̀ náà ò sì kéré.

Ní ti álààmù púpọ̀ tí Ọmọ Alárè dá lábàá, wọ́n ti yẹ ohun tó jọ ọ́ wò ní Kẹ́ńyà láàárín àwọn tó ń lo oògùn HIV. Àwọn kan ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ sórí fóònù lójoojúmọ́, àwọn kan ń gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn kan ò gba nǹkan kan. Èsì jáde ní 2011. Nínú àwọn tó ń gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èèyàn 53 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo oògùn bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ 48. Nínú àwọn tí kò gba nǹkan kan, 40 ni. Àwọn tó ń gbà á lójoojúmọ́ ńkọ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ò ràn wọ́n lọ́wọ́ kan tó ṣeé tọ́ka sí. Ó jọ pé ó ti di ariwo létí wọn.

Ọmọ Alárè · 10:09 alẹ́

Mo ti gbọ́. Ẹ má fi Kẹ́ńyà pa mí.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí kí n tó sùn.

Àbúrò Àgọ́-Ìwòyè, o ṣeun, ṣùgbọ́n ẹlòmíì lè ka ọ̀rọ̀ rẹ ní ìdàkudà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, oògùn kọ́. Ojoojúmọ́ ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ lo oògùn. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé gbogbo wa nítorí mo mọ ohun tí ojú wa ń rí ní wọ́ọ̀dù.

Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ má jẹ́ kí aago mẹ́jọ dè yín mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ ni TIME, ó jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2022. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún èèyàn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lò ó láàárọ̀, kí àwọn yòókù máa lò ó lálẹ́. Ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà tó bá rọ yín lọ́rùn láti rántí ni ìgbà tó dára. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ nìkan ni ẹ kò ní fẹ́ lò lálẹ́, àfi tó bá wù yín láti máa jí lọ tọ̀ ní gbogbo òru. Tí oògùn yín bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ fún yín kí ẹ tó yí àkókò rẹ̀ padà.

Nǹkan kan tún wà tí álààmù ò lè ṣe. Ó lè ní "lo oògùn", kò lè sọ fún yín bóyá ẹ ti lò ó. Àwọn tó máa ń wá bá wa pé "nọ́ọ̀sì, mi ò mọ̀ bóyá mo ti lò ó láàárọ̀, mo bá tún lò ó", wọ́n pọ̀ o. Ẹ ra páálí oògùn tó ní ihò méje, tí wọ́n kọ orúkọ ọjọ́ sí, kò wọ́n. Tí ihò Túsìdeè bá ti ṣófo, ẹ ti lò ó nìyẹn. Tí owó ìyẹn ò bá sí, ẹ fi bírò kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn, sí abẹ́ hóró kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá gbàgbé ti àná, ẹ má lo méjì pọ̀ lónìí. Ẹ sì gbé e kúrò lórí fíríìjì, ibẹ̀ máa ń gbóná. Kí ọwọ́ ọmọdé má tó ibi tí ẹ bá gbé e sí.

Alájì, Odògbolú · 7:55 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, oògùn tí mò ń lò sì pọ̀ ju ti Ìyá Ẹlẹ́ja lọ. Mi ò ní álààmù kankan. Tí mo bá ti kí ìrun Àsùbáà tán, kí n tó dìde lórí ẹní, ọwọ́ mi á lọ sí oògùn àti ife omi. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ni mo gbé wọn sí láti alẹ́. Tó bá di oṣù Ràmàdáánì, màá gbé wọn lọ síbi sàárì, nítorí tí mo bá kírun tán, ẹnu ti dì. Dókítà mi mọ̀ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọmọ Àgọ́-Ìwòyè sọ ni pé kó má fi tíì kọ́ àwọn èèyàn. Tíì máa ń tán. Gáàsì máa ń tán. Ọjọ́ tí kò bá sí tíì, kò ní í sí oògùn. Ohun tí ẹ kì í fò láéláé ni kí ẹ so ó mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè · 8:12 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Alájì. Mo gbà. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa pàápàá, tíì kì í dé ìparí oṣù.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde · 1:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. Onígbàgbọ́ ni mí, àdúrà òwúrọ̀ mi kì í sì í ní aago kan pàtó (kí Ọlọ́run má bínú), àmọ́ kò sí ọjọ́ tí mi ò ní fọ eyín kí n tó jáde. Mo ti gbé oògùn sí ẹ̀gbẹ́ dígí níbi tí mo ti máa ń fọ eyín, sókè, nínú páálí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, omi ò lè ta sí i níbẹ̀.

Ti ọjà oko ni kí ẹ bá mi wò. Fóònù ní kí n mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Ọjà náà ò sì mọ ọ̀sẹ̀.

Ẹlẹ́lùbọ́, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ · 1:48 ọ̀sán

Ọjà ọlọ́rọọrún ni. Ẹ lọ sínú kàlẹ́ńdà, kì í ṣe ibi álààmù, ẹ ní kí ó máa dún ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́ · 2:30 ọ̀sán

Ẹ dúró, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá kọ 5 síbẹ̀, ewúrẹ́ lẹ tún máa bá.

Àwa Yorùbá, tí a bá ń ka ọjọ́ ọjà, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ká ní Mọ́ńdè ni ọjà: Mọ́ńdè kìíní, Túsìdeè kejì, Wẹ́sìdeè kẹta, Tọ́sìdeè kẹrin, Furaìdé karùn-ún. Furaìdé ni ọjà tún bọ́ sí. Fóònù kì í ka òní mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, láti Mọ́ńdè dé Furaìdé, ọjọ́ mẹ́rin ni. Nítorí náà, 4 ni kí ẹ kọ. Ọjà ìsán, 8 ni. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìpàdé ìtàdógún, ìyẹn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, 16 ni. Mo ti rí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó kọ 17 síbẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń bá a jà pé ó fẹ́ yí ọjọ́ ìpàdé padà fún àǹfààní ara rẹ̀.

Ẹ rí ìdí tí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kìíní fi bọ́ sí i, tí ti kejì ò bọ́ sí i? Ọjà ń yí ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ ń yí ní ọjọ́ méje méje. Ọjọ́ 28 ló ń gbà kí wọ́n tó tún pàdé. Tí ẹ bá fi Ọjọ́rú ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ máa bá ọjà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é lórí Google Calendar nìyí. Ẹ dá ètò tuntun sílẹ̀ sí ọjọ́ ọjà tó kàn. Ẹ wá ibi tó ti ń béèrè bóyá kó máa tún un ṣe, ẹ má mú èyí tó sọ ojoojúmọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, ẹ mú èyí tó kẹ́yìn pátápátá, tí ẹ ti lè kọ nọ́ńbà fúnra yín. Ẹ kọ 4, ẹ sì mú ọjọ́. Níbi álààmù lásán, ẹ ò ní rí i, orúkọ ọjọ́ méje nìkan ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìránnilétí náà bọ́ sí alẹ́ tó ṣáájú, bí aago méje. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ ọjà, ṣé ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó àti àpò ni?

Ẹlẹ́lùbọ́, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ · 2:41 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Èmi ò gbé e sórí fóònù rí, ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ná a, mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo jí.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Mùṣin · 4:02 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo yín, fóònù, fóònù. Àwọn ìyá wa ò ní fóònù, wọn ò sì pa èsúsú jẹ. Alájọ ló ń rán wọn létí. Ẹ wo ìgbà tó máa ń dé: ìrọ̀lẹ́, bí ọjà bá ti ń tú, tí owó ọjà ṣì wà lọ́wọ́, kí ọmọ tó ní òun fẹ́ ra ìwé, kí àna tó ránṣẹ́. Yóò dúró, yóò gba owó, yóò sàmì sí káàdì, yóò lọ. Kò sọ "ẹ má gbàgbé o" kó wá fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú owó. Ìyá Ẹlẹ́ja, tí èsúsú yín bá jẹ́ èyí tí ẹ ní láti gbé owó lọ síbì kan, ẹ wá èyí tí wọ́n ń wá gbà ní ṣọ́ọ̀bù.

Tó bá jẹ́ nǹkan ilé, ìyá mi máa ń ta kókó sí etí ìró. Kókó ò sọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ wọn bá kàn án, wọ́n á dúró, wọ́n á ní "kí ni mo fẹ́ ṣe ná?" Àwa Ìjẹ̀bú la mọ àrokò. Ẹ fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí èèyàn, ó ti mọ̀ pé ọkàn yín fà sí òun. Ohun tí kì í sọ̀rọ̀ lè jíṣẹ́ dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ má bínú, ó tún kàn mí. Ní Amẹ́ríkà, Todd Rogers àti Katherine Milkman gbé irú rẹ̀ yẹ̀ wò, ó jáde ní 2016. Wọ́n fún àwọn oníbàárà ilé kọfí kan ní pépà tí wọ́n lè fi dín owó kù ní ọjọ́ Tọ́sìdeè. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọmọláńgidi kan tó jọ ẹ̀dá ayé mìíràn máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsanwó lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n rántí pépà. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún, 24 nínú ọgọ́rùn-ún ló lo pépà náà. Nínú àwọn yòókù, 17.

Dẹ́rẹ́bà Rẹ́mọ, Ṣàgámù · 4:44 ìrọ̀lẹ́

Èyí ń ṣiṣẹ́ fún mi. Tí mo bá ní láti ra epo ẹ́ńjìnnì kí n tó jáde lọ́la, màá gbé agolo epo tó ti ṣófo sórí àga dẹ́rẹ́bà láti alẹ́. Mi ò lè jókòó láìgbé e kúrò. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé e kúrò lọ́jọ́ kejì o. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, ó ti di ara ọkọ̀, ojú ò ní rí i mọ́.

Àǹtí Ìperu · 6:15 ìrọ̀lẹ́

Bàbá Ìjẹ̀bú-Mùṣin, alájọ yàtọ̀ sí èèyàn inú ilé. Ẹ má gba àwọn ọkùnrin níyànjú pé èèyàn ló dára jù, nítorí èèyàn yẹn, ìyàwó ni. Ọkọ mi á ní "bá mi rántí kí n pe ẹni báyìí lọ́la." Tí mo bá rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Tí mo bá rán wọn létí lẹ́ẹ̀kejì, mò ń yọ wọ́n lẹ́nu. Tí mi ò bá rán wọn létí, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Fóònù tiwọn náà ní ẹnu.

Dẹ́rẹ́bà Rẹ́mọ, Ṣàgámù · 6:18 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí, ìyàwó mi ń ka ibí yìí o. Ẹ rọra.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Mùṣin · 6:50 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí Ìperu, ọ̀rọ̀ yín ní òótọ́ nínú. Àmọ́ kí ọkọ sọ ìgbà tí òun fẹ́ kí ẹ sọ fún òun. "Bá mi rántí" lásán, ẹrù ló gbé fún yín. "Tí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, sọ fún mi", ìyẹn ṣe é gbé.

Ọmọ Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde · Ọjọ́rú, 8:05 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ojúde Ọba kún un kí a má bàa tún sáré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní régbérégbé wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, ló gbé ìránnilétí aṣọ ẹgbẹ́ sórí fóònù pé kó máa dún lọ́dọọdún ní déètì kan náà. Kò lè bọ́ sí i. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún wá síwájú lọ́dọọdún. Ní 2024, June 18 ni. Ní 2025, June 8. Ẹni tí fóònù rẹ̀ dúró sí déètì ti ọdún tó kọjá á gbọ́ álààmù "lọ gba aṣọ" lẹ́yìn tí ẹṣin ti jó tán. Ohun tí mò ń ṣe ni pé tí Ojúde Ọba bá ti parí, kí n tó bọ́ aṣọ, màá gbé ti ọdún tó ń bọ̀ sí i: oṣù mẹ́ta ṣáájú, "san owó aṣọ". Ti télọ̀ wà lọ́tọ̀. Déètì tí mo bá sọ fún télọ̀, ó máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú òótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ tó jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀ sọ ọ́.

Atúnfóònùṣe, Sábó Ṣàgámù · 10:22 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa fóònù fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń gbé e wá pé "álààmù mi ò dún" pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní àrùn kankan lára fóònù.

Álààmù àti ìránnilétí kàlẹ́ńdà kì í ṣe nǹkan kan náà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tí ẹ bá pa ohùn fóònù nítorí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, álààmù ṣì máa dún, ó ní ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ti kàlẹ́ńdà á dákẹ́, nítorí ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbà wọlé ni òun náà ń gbà. Ọjọ́ ọjà tí Tíṣà ní kí ẹ gbé síbẹ̀, tí ẹ bá gbàgbé fóònù sí ìdákẹ́jẹ́ láti ìsìn ìrọ̀lẹ́, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Ẹ máa rí i lójú fóònù ṣá.

Èkejì, tí bátìrì bá kú, álààmù kú nìyẹn lórí ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé. Nokia kékeré àtijọ́ ló máa ń dún kódà tí ẹ bá ti pa á. Tí ìgbà tí wọ́n ń mú iná wá ní àdúgbò yín ò bá dájú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé álààmù aago márùn-ún òwúrọ̀ lórí fóònù tí cháájì rẹ̀ ti fẹ́ tán lálẹ́. Èkẹta, àwọn fóònù kan wà tí wọ́n máa ń pa áàpù tí ẹ ò bá ṣí fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n lè dá bátìrì sí. Tó bá jẹ́ áàpù tí ẹ gbà lọ́tọ̀ ni ẹ fi ń rántí oògùn, ẹ lọ sí sẹ́tíǹgì bátìrì, ẹ yọ áàpù yẹn kúrò nínú àwọn tí fóònù lè pa.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn · 11:03 àárọ̀

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ti Alájì. Ìrun ò nílò cháájì.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde · Ọjọ́bọ̀, 8:37 alẹ́

Mo ti gbé ọjà sí 4, mo sì ti kà á wò lórí kàlẹ́ńdà dé oṣù tó ń bọ̀, ó bọ́ sí i. Alájọ kan tó ń gba ojú títì wa kọjá ti gbà láti máa yà. Oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Mo ti pa gbogbo álààmù yòókù, ọmọ mi ní ṣé inú ló ń bí mi ni.

Ti ìyá mi ló kù. Wọ́n máa ń tètè sùn, nítorí náà mi ò lè so ó mọ́ ìgbà tí mo bá jẹun alẹ́ tán. Mo rò ó pé tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́, kí n pè wọ́n. Mo gbìyànjú rẹ̀ lónìí. Ariwo pọ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè sì ni "ta ló kú?"

Àǹtí Ìperu · 8:45 alẹ́

Tó bá di ìgbà mélòó kan, wọn ò ní béèrè mọ́. Àmọ́ ẹ pè wọ́n kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti palẹ̀ ọjà mọ́. Ibẹ̀ dákẹ́ ju inú kẹ̀kẹ́ lọ, ọwọ́ yín sì ti ṣófo. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ara kọ́kọ́rọ́ àgádágodo, ẹ ò lè tì í láìfọwọ́ kàn án.

Alájì, Odògbolú · 8:58 alẹ́

Kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá náà mọ ìgbà tí ẹ máa ń pè. Àwa àgbà, tí a bá ti mọ ìgbà tí ọmọ ń pè, tí ìgbà náà bá ti kọjá, àwa la máa pè é.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Igbó · Ọjọ́ Ẹtì, 7:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́, ìpàdé tiwa kì í ṣe ìtàdógún. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù ni. Oṣù kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló máa jẹ́ sí ti ìṣáájú, oṣù mìíràn, márùn-ún. Nọ́ńbà wo ni kí n kọ?

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́ · 7:52 àárọ̀

Ẹ má kọ nọ́ńbà ọjọ́ kankan. Ẹ dá ètò náà sílẹ̀ sí Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù yìí gan-an, ẹ mú pé kó máa tún un ṣe lóṣooṣù. Tí ó bá ń béèrè bóyá déètì yẹn tàbí Sọ́ńdè tó kẹ́yìn ni ẹ fẹ́, ẹ mú Sọ́ńdè tó kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé Sọ́ńdè kẹrin nìkan ló ń fi hàn yín, ẹ lo oṣù tó ní Sọ́ńdè márùn-ún láti fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí i kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa. Ẹ sì gbé ìránnilétí èyí tí ẹ fi ń kéde fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí alẹ́ Tọ́sìdeè. Tó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn tó wà ní Èkó á ti ní ibòmíì tí wọ́n ń lọ.